Òkè Kì Í Fúnni Lókun: Ìtàn Ìmúra fún Gígun Kẹ̀kẹ́ Níbi Tí Afẹ́fẹ́ Ti Fẹ́lẹ́

Ọjà kan ti gbòde láàárín àwọn tó ń fẹ́ lọ gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òkè ńlá ayé. Wọ́n ń ta ìbòmú tó ń jẹ́ kí èémí ṣòro fà. Wọ́n ń ta àgọ́ tí èèyàn ń ta bo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń dín ọ́síjìn inú rẹ̀ kù mọ́jú. Wọ́n sì ń ta ìrètí pé ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá jókòó sí ọ́fíìsì lè lo nǹkan wọ̀nyí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó wọ bàálù lọ sí Colorado, Bolivia tàbí Nepal, kó sì máa gun kẹ̀kẹ́ kiri bí ẹni tó ti gbára dì. Ìbòmú yẹn kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, nítorí imú ló kàn ń dí. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ wọlé kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àgọ́ sàn jù ú lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó wà nídìí ọjà náà ju ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ lọ: wọ́n gbà pé òkè ni gbogbo ìṣòro, pé bí ara bá ti lè mọ òkè, ó parí. Bí a bá wo ìtàn bí ọmọ èèyàn ṣe kọ́ láti ṣiṣẹ́ agbára níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ohun mìíràn ni a óò rí. Òkè dà bí oníbodè ayé àtijọ́: ohun tí èèyàn bá rù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bù nínú rẹ̀, kì í bu tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Okun tí èèyàn yóò ná lórí òkè, nísàlẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ kó o jọ, ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, iṣẹ́ náà kò sì ní ọ̀nà àbùjá.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ òkè ti pẹ́ nínú ìwé. Ní 1590, àlùfáà ọmọ Spain kan tó ń jẹ́ José de Acosta tẹ ìwé jáde nípa ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ròyìn nínú rẹ̀ bí inú òun ṣe dàrú tí òun sì bì títí nígbà tí òun ń ré òkè Pariacaca kọjá ní Peru. Afẹ́fẹ́ ló di ẹ̀bi rẹ̀ lé. Ó ní ó ti fẹ́lẹ́ jù fún èémí ọmọ èèyàn. Ó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ẹnìkan tó fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ní April 1875, àwọn ọmọ Faransé mẹ́ta wọ bálúùnù tí wọ́n pè ní Zénith, ó sì gbé wọn kọjá 8,000 mítà. Àpò ọ́síjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n apá wọn ti rọ kí wọ́n tó fẹ́ nawọ́ mú un. Gaston Tissandier nìkan ló sọ̀kalẹ̀ láàyè. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Paul Bert, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, tó fi hàn pé ìpín ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ kò yí padà lórí òkè, ìdá 21 nínú 100 náà ni. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọ́síjìn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dín kù. Níbi tó ga tó 3,000 mítà, agbára yẹn ti já sí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ti etí òkun.

Ìgbàgbọ́ pé òkè ń fúnni lókun tún ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ní 1890, dókítà Faransé kan, François-Gilbert Viault, lọ sí Morococha ní orí òkè Peru, ó ń ka sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ń pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara, kò sì sí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn yìí kò ṣe ní rò pé òògùn agbára ni òkè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dín kù tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ki. Sẹ́ẹ̀lì tuntun gan-an ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó pọ̀ débi tí ara yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lọ fún ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá yóò san gbogbo owó ibodè náà, yóò sì ti wà nínú bàálù tó ń gbé e padà sílé kí èrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ dé irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Colorado kò mọ nǹkankan nípa Viault, wọn kò sì bìkítà. Crested Butte jẹ́ ìlú àwọn awakùsà èédú tẹ́lẹ̀, ó sì ga tó nǹkan bí 2,700 mítà. Àwọn ọlọ́kadà láti Aspen gun alùpùpù wọn gba ọ̀nà Pearl Pass wá síbẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n síwájú ilé ọtí Grubstake láti fi yangàn. Ní September 1976, bí ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára àwọn ará Crested Butte dá ìyangàn náà padà: wọ́n mú ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, irin tó wúwo, wọ́n sì gba ọ̀nà kan náà lọ sí Aspen. Pearl Pass ga tó 3,872 mítà. Ibi tó bá ga jù, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n sun ojú ọ̀nà mọ́jú, bíà sì wà nínú ẹrù wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ní October 21, 1976, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ní Marin, ní California, ṣe ìdíje Repack àkọ́kọ́ lórí ọ̀nà eléruku kan tó gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, tó sì ń já wálẹ̀ fún nǹkan bí 400 mítà. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara gíríìsì inú bíréèkì ẹ̀yìn tó máa ń jóná tán, tí wọ́n fi ní láti máa rọ òmíràn sí i. Etí òkun ni Marin wà. Òkè Tamalpais tí wọ́n ń fi yangàn níbẹ̀ kò tó 800 mítà.

Ọ̀wọ́ méjèèjì yìí pàdé ní 1978. Joe Breeze, Gary Fisher, Charlie Kelly, Wende Cragg àti Michael Castelli wá láti California láti bá àwọn ará Crested Butte gun Pearl Pass. Nínú gbogbo ìtàn kẹ̀kẹ́ orí òkè, ìpàdé yìí ni mo kà sí ẹ̀rí tó dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ ọ́ sábà máa ń sọ ọ́ nítorí kẹ̀kẹ́ tí Breeze fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn onílé ti ń sùn, tí wọ́n ń jí ní 2,700 mítà. Ara wọn ti mọ ibẹ̀. Àwọn àlejò kò ní ìyẹn. Ohun tí wọ́n ní ni ẹsẹ̀: Breeze, Fisher àti Kelly jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lójú títì, wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ gun kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ wọn. Tonílé tàlejò ló sì ré òkè náà kọjá. Ìyẹn fi hàn pé ẹni tí kò gbé lórí òkè rí lè débẹ̀, bí iṣẹ́ tó ti ṣe nísàlẹ̀ bá pọ̀ tó.

Leadville ni ìlú tó sọ ìyà orí òkè di ọrọ̀ ajé. Ó wà ní 3,094 mítà, fàdákà ló sì dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1870. Lẹ́yìn fàdákà, ibi ìwakùsà Climax ló ń bọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń wa molybdenum tí wọ́n ń fi mú irin le. Ní 1982, Climax dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, ìlú sì fẹ́ẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn awakùsà náà, Ken Chlouber, kó sí ìdí eré ẹsẹ̀ kan tó gùn tó 160 kìlómítà, tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní 1983, kí àlejò lè máa wá sùn ní ìlú náà, kí wọ́n sì máa náwó. Eré kẹ̀kẹ́ tó gùn bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1994. Ó ń gun òkè lọ sí Columbine Mine, ní nǹkan bí 3,800 mítà, ẹni tí kò bá sì parí rẹ̀ láàárín wákàtí 12 kò ní gba ìdè bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń dá àwọn tó yege lọ́lá. Láti 2003 títí di 2008, Dave Wiens ló gbégbá orókè lọ́dọọdún. Ó ti kọjá ogójì ọdún nígbà tó fi àwọn gbajúmọ̀ eléré kẹ̀kẹ́ ojú títì méjì sẹ́yìn, Floyd Landis ní 2007 àti Lance Armstrong ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò sọ pé Gunnison ni Wiens ń gbé, ìlú tó ga ju 2,300 mítà lọ. Òkè ló ràn án lọ́wọ́. Mo gbà pé kò pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbé Gunnison, ọ̀pọ̀ sì ń gbé inú Leadville gan-an, tó ga jù ú lọ. Bí gíga ilé bá ni ń borí, àwọn ni ìbá máa gba ipò kìíní. Wiens ti ń díje láti àwọn ọdún 1980.

Armstrong padà wá ní 2009, ó sì borí. Òkè náà kò yí padà. Ẹni tó wá ní 2008 ti fi ìdíje sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ẹni tó wá ní 2009 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Tour de France dé. Ìbá jẹ́ ẹ̀rí tó dùn, àmọ́ mi ò ní gbé ẹjọ́ mi kà á. Armstrong jẹ́wọ́ ní 2013 pé òun lo oògùn nígbà tí òun ń borí ní Tour, wọ́n sì ti fa àwọn èsì rẹ̀ ya láti 1998 wá. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà ni EPO, èyí tí wọ́n ṣe ní àwòkọ ohun tí kíndìnrín fúnra rẹ̀ ń tú jáde nígbà tí ọ́síjìn bá wọ́n, láti pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Kò sí àyẹ̀wò tó lè mú ẹni tó ń lò ó títí di ìdíje Olympic ti Sydney ní 2000. Àwọn tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ló ra á, ohun tó sì mú wá fún eré kẹ̀kẹ́ ni ìtìjú.

Ẹ̀rí tó le jù lòdì sí mi ni Olympic ti Mexico City ní 1968. Ìlú náà ga tó 2,240 mítà, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì mú kí Faransé kọ́ ibùdó ìdánrawò sí Font-Romeu lórí àwọn òkè Pyrenees, kí Amẹ́ríkà sì gbé ìdíje yíyan àwọn ọkùnrin rẹ̀ lọ sí Echo Summit ní California, tó ga bíi Mexico City gan-an. Nígbà tí eré dé, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ron Clarke, ọmọ Australia, ti sáré 10,000 mítà ní ìṣẹ́jú 27 àti ìṣẹ́jú àáyá 39 ní 1965, kò sì sí ẹni tó yá tó bẹ́ẹ̀ láyé nígbà náà. Ní Mexico, Naftali Temu láti orí òkè Kenya fi ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 27 borí, Clarke sì ṣe ipò kẹfà, ó ṣubú lulẹ̀, dókítà ní láti fi ọ́síjìn jí i. Kipchoge Keino, ọmọ Kenya, gba wúrà 1,500 mítà. Mamo Wolde, ọmọ Ethiopia, gba ti máráthọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti gbà pé ọmọ orí òkè ló ni eré orí òkè.

Ẹ jẹ́ kí a tún èsì náà wò dáadáa. Àwọn tó ń gbé Mexico gan-an ńkọ́? Juan Martínez, ẹni tó yá jù nínú wọn, ṣe ipò kẹrin ní 10,000 mítà, ó sì tún ṣe ipò kẹrin ní 5,000 mítà. Ta ló wá gba wúrà 5,000 mítà náà? Mohamed Gammoudi ni, ọmọ Tunisia, orílẹ̀-èdè tí òkè tó ga jù níbẹ̀ kò dé 1,600 mítà. Keino ló ṣe ìkejì, Temu ṣe ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ eré náà gùn tó láti fìyà jẹ ẹni tí afẹ́fẹ́ òkè bá ń bá jà. Kì í ṣe pé òkè kò ṣe nǹkankan. Ó ṣe é, ó ṣe é débi pé ó dín eré gbogbo wọn kù, títí kan ti Temu. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sọ aláìlera di alágbára, kò sì sọ ọmọ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ti múra di ẹni ẹ̀yìn.

Ní 1997, Benjamin Levine àti James Stray-Gundersen gbé èsì ìwádìí kan jáde tó tú kókó ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú asáré 39, wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo wọn jọ sí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí okun wọn lè bá ara dọ́gba, lẹ́yìn náà wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn kan ń gbé ní 2,500 mítà, wọ́n sì ń sáré lókè níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé ní 2,500 mítà, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ wá sí 1,250 mítà láti sáré. Àwọn ìyókù kò kúrò nísàlẹ̀ rárá. Àwọn ọ̀wọ́ méjì tó sùn lókè ló ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún sáré 5,000 mítà nísàlẹ̀, àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ wá sáré nìkan ló yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: lókè, èèyàn kò lè sáré kíkankíkan bó ṣe yẹ, iṣan ẹsẹ̀ kì í sì í le bí wọn kò bá fún un níṣẹ́ tó le. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ kò tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ra àgọ́ tí kò sì gun kẹ̀kẹ́, ohun tó ń rà nìyẹn.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹni tó ti pa ara rẹ̀ tì tún lè gba okun rẹ̀ padà. Ìdáhùn rẹ̀ wá láti Dallas. Ní 1966, àwọn olùwádìí tí Bengt Saltin wà lára wọn sọ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún, tí wọ́n tó ogún ọdún, pé kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìwọ̀n ọ́síjìn tó pọ̀ jù tí ara wọn lè lò dín kù ní nǹkan bí ìdá 27 nínú 100. Wọ́n wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe ìdárayá, wọ́n sì kọjá ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ọkùnrin márùn-ún náà padà. Ikùn ti yọ, ọ̀rá ara wọn ti di ìlọ́po méjì, ọjọ́ orí wọn ti tó àádọ́ta. Síbẹ̀, ọgbọ̀n ọdún kò gba tó ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi oṣù mẹ́fà rìn, wọ́n sáré, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un títí tó fi tó nǹkan bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n wà kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ ní 1966. Kò sí èyí tó dé ibi tó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ìgbà èwe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín. A lè sọ pé èèyàn márùn-ún kéré jù láti fi ṣòfin. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n wọn àwọn èèyàn kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọgbọ̀n ọdún, gbogbo èsì náà sì kọjú sí ibì kan. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ sórí òkè ni pé oṣù mẹ́fà tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó.

Ẹnìkan lè dìde báyìí kó sọ pé okun kò ṣe ààbò fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àìsàn orí òkè. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Orí fífọ́, èébì àti àìrí oorun sùn ń mú eléré ìdárayá bó ṣe ń mú ọ̀lẹ, ó tilẹ̀ lè tètè mú alágbára nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e gòkè ju bí ara rẹ̀ ṣe lè gbà lọ. Wọ́n tún ti wọ̀n ọ́n pé ìdá tí òkè ń bù lára ẹni tó lókun jù máa ń pọ̀ ju èyí tó ń bù lára ẹni tí kò ní lọ. Èyí kò ba ẹjọ́ mi jẹ́. Ẹni tó ní púpọ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ bù púpọ̀ lára rẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ṣì ju ti ẹni tó dé pẹ̀lú díẹ̀ lọ. Òun ló sì lè gun kẹ̀kẹ́ níbi tí ẹlòmíràn ti ń tì í. Àìsàn òkè ní oògùn tirẹ̀, ìyẹn sùúrù: bí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tó máa sùn lálẹ́ má ga ju ti àná lọ ní 500 mítà, kó sì sọ̀kalẹ̀ bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ. Sùúrù yẹn ṣeé lò nígbà tí èèyàn bá débẹ̀. Ẹsẹ̀ kò ṣeé wá níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn kò fi ní láti káàánú ara rẹ̀ pé kò sí òkè tó dé 1,500 mítà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Èyí tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà, nílé ni wọ́n ti ń ṣe é: gígun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí gígùn láìsáré, pẹ̀lú ìgbà díẹ̀ lọ́sẹ̀ tí èèyàn yóò fi gbogbo agbára gun òkè èyíkéyìí tó bá rí.

Ohun kan wà tí ìwé ìmúra àwọn aláwọ̀ funfun kì í sábà kọ, tó sì kan àwa ju àwọn lọ. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Wọn kì í ṣe aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣe eré ìdárayá láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn bá ti wọ́n, tí ara sì ń ṣiṣẹ́ kíkan, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn lè tẹ̀ kọ́ròkọ́rọ̀, kí ó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ryan Clark, tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà fún Pittsburgh Steelers nígbà náà, ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Denver ní 2007, ìlú tó ga tó 1,609 mítà péré. Ó ṣàìsàn gidigidi lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì yọ spleen àti àpò òróòro rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ní ìdíje ní Denver ní January 2012, wọn kò jẹ́ kó gbá a. Eléré ìdárayá ni, okun rẹ̀ pé, ó sì jẹ́ pé ìlú tí kò ga tó ìdajì Pearl Pass ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn àjò yìí, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó san owó bàálù. Bó bá jẹ́ AS, ẹ bá dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka oṣù mẹ́fà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ náà. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú.